Ó dá aṣọ wa padà, ó tún bá wa rán an

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àkúrẹ́, l'Óǹdó àti níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ewé yìí. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣáájú ni, nǹkan sọnù, nǹkan di rírí, nǹkan sọnù pátápátá. Bóyá torí òjò ni, tójò bá ti ṣú táa ń sáré wọ kẹ̀kẹ́, a kì í ka ẹrù wa. Mo mú mẹ́ta níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gùn, mi ò sì gé e, torí mo kà á lẹ́ẹ̀mejì títí tíì mi fi tutù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà ni mí, Oǹdó ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ẹ má dárúkọ mi. Aṣọ kan wà nílé wa tó jẹ́ ti ìyá tó bí ìyá mi. Kíjìpá ni. Wọ́n fúnra wọn ló ran òwú ẹ̀, àwọn ló hun ún, àwọn náà ló rẹ ẹ́ láró. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nílé wa, aṣọ yẹn ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde síta. Wọ́n fi pọ̀n mí, mo fi pọ̀n àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ni wọ́n fi pọ̀n àbúrò mi tó ti kú.

Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Àkúrẹ́, mo wá fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Mo di iṣu, mo di epo, mo di ẹja gbígbẹ, mo di ọṣẹ dúdú, ẹ ṣáà mọ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń di ẹrù, mo sì fi aṣọ náà sínú báàgì kékeré kan lọ́tọ̀. Mo wọ mọ́tò l'Óǹdó, nígbà tí mo dé Àkúrẹ́ mo wọ kẹ̀kẹ́ l'Ọ́jà Ọba tó ń lọ sí Ọba-Ilé. Òjò ti ń ṣú. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́ ń kánjú, ó ní mama ẹ ṣe kíá, mo ń kó iṣu, mo ń di gálọ́ọ̀nù epo mú kó má dànù, mo wọlé, mo jókòó, mo mu omi, mo ní ẹ gbé báàgì yẹn wá kí n fi aṣọ ìyá wa hàn yín. Báàgì dà? Kò sí báàgì.

Mo sunkún. Àgbà bíi tèmi. Àwọn ọmọ lọ dúró l'Ọ́jà Ọba fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ ọmọ mi sanwó ìkéde sórí rédíò. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá, ìró ànkárá ni wọ́n fi pọ̀n ọmọ jáde, mo wọ yàrá lọ, mi ò tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ ìjọ wa l'Óǹdó pè mí lórí fóònù pé obìnrin kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó gbé báàgì kan dání. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ o. Báàgì yẹn, níbi òkú ìyá mi lọ́dún 2014 la ti fi pín nǹkan fáwọn àlejò, wọ́n tẹ orúkọ ìyá mi sára ẹ̀, wọ́n tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ Oǹdó sí i. Obìnrin yìí ló wọ kẹ̀kẹ́ yẹn nígbà tó ń padà. Èlùbọ́ ló ń tà ní Àkúrẹ́. Ó ní òun bi ọmọ kẹ̀kẹ́, ìyẹn ní òun ò mọ ẹni tó ni ín, kó ṣáà máa gbé e lọ. Ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára báàgì. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, kò ráyè. Èkejì ló fowó ara ẹ̀ wọ mọ́tò wá s'Óǹdó, ó ń béèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa kiri.

Mo sáré débẹ̀. Mo tú aṣọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ẹ̀ kan wà tó ti ń já láti bí ọdún mélòó kan, tí mò ń sọ pé màá rán. Obìnrin yìí ti rán an. Òwú dúdú ló fi rán an, ojú rírán ẹ̀ sì wẹ́ débi pé mo ní láti wọ gíláàsì kí n tó rí i dáadáa. Ó ní òun rí i pé ó ń já ni. Mo ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà fún un, kò gbà. Mo ní ó kéré jù kó gba owó mọ́tò, kò gbà. Ó ní ìyá òun náà hun kíjìpá l'Ọ́wọ̀, pé bóun ṣe fọwọ́ kàn án lòún ti mọ ohun tóun gbé dání. Ó gba omi mu, ó lọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú rè é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká má fi aṣọ yẹn kan ọmọ mọ́, pé ta ló ní kó ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ ìdílé wa, pé a ò mọ ohun tó rán mọ́ ọn, ká tú ojú rírán yẹn ká sì gbàdúrà sí aṣọ náà, pé ẹni tí ò bá gbowó, nǹkan míì ló ń wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èkejì, báwo lèèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò gbowó? Ó dà bíi gbèsè lọ́rùn mi.
Ìyá Àgbà, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Mama, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọmọ á dàgbà lójú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n yín, torí òun ló lè da ilé rú. Mi ò ní bú wọn. Kò sí ìyá Yorùbá tí aṣọ máa sọnù mọ́ lórí okùn tó máa sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká má tíì wá sọ aṣọ tí wọ́n fi ń pọ̀n ọmọ tuntun. Ẹ̀rù ọmọ ló ń ba wọn. Àmọ́ ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹni tó fẹ́ fi aṣọ ṣe èèyàn níbi, ṣé ó máa ń fowó ara ẹ̀ wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá s'Óǹdó, kó wá dúró lójú agbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kí gbogbo èèyàn rí ojú ẹ̀ kí wọ́n sì mọ ohun tó ń tà?

Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan nípa kíjìpá, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń kàwé yìí lè má mọ̀ ọ́n. Aṣọ òkè tá a máa ń rí lóde ìyàwó, sányán, àlàárì, ẹtù, àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń hun wọ́n látijọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ pọ̀ kó tó di ìró. Kíjìpá, tobìnrin ni. Òfì tiwọn dúró lóòró, wọ́n á gbé e ti ògiri, ìyá á jókòó síwájú ẹ̀, á hun díẹ̀, á dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, á fún ọmọ lọ́mú, á padà wá hun díẹ̀ sí i. L'Ọ́wọ̀, l'Ákókó, l'Ékìtì, àwọn ìyá wa ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran ni, ó nípọn, ó sì máa ń pẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà (aṣọ òkè ni òfì ibí yìí). Èmi ò tíì rí ọ̀lẹ tó lè jókòó hun kíjìpá o! Bóyá ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń bá wí, torí kì í tètè gbó, ọ̀lẹ ò ní láti ṣiṣẹ́ wá owó òmíì.

Ibi tí mò ń lọ ni pé, aṣọ orí òfì obìnrin fẹ̀ ju tọkùnrin lọ, àmọ́ ẹyọ kan ò sábà tó ró, abala méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń rán pọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ojú rírán wà láàárín aṣọ yín yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí wọ́n fọwọ́ tọ ojú rírán àárín yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì sọ ẹni tó rán an fún yín. Ṣé ìyá ìyá yín ni? Ṣé orogún wọn ni? Ṣé aládùúgbò kan tó wá kí wọn lọ́jọ́ yẹn tó ní kí wọ́n mú un wá kóun bá wọn rán an? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ti kan aṣọ yẹn kí wọ́n tó bí ẹ̀yin àtẹ̀gbọ́n yín, ẹ ò mọ ọwọ́ tó dì í mú, òun náà sì ni wọ́n fi pọ̀n yín. Ti obìnrin Ọ̀wọ̀ yìí, ẹ ṣáà rí ojú ẹ̀.

Torí náà ẹ má tú u. Tẹ́ ẹ bá tú u, etí yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọdún mélòó lẹ sì ti fi sọ pé ẹ máa rán an? (Ẹ má bínú, tíṣà ni yín, ẹ ti na ọ̀pọ̀ ọmọ torí iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọn ò ṣe.) Àdúrà ní tiẹ̀ kì í pọ̀ jù, tó bá máa fi ẹ̀gbọ́n yín lọ́kàn balẹ̀ ẹ gbà á. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ aṣọ náà, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, ẹ má fi bílíìṣì kàn án, abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí torí oòrùn máa ń jẹ aró. Tó bá gbẹ, ẹ má dì í mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, á bu. Àmọ́ báàgì òkú yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù láéláé, òun ló mú aṣọ wálé. Kódà ẹ kọ nọ́ńbà fóònù kún ohun tó wà lára ẹ̀.

Ó wá ku ti owó. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi owó yẹn tàbùkù ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ tó sọ gbọ́, ó ní ìyá òun hun kíjìpá. Nígbà tí obìnrin yẹn jókòó tó ń rán etí aṣọ yín lálẹ́, mi ò rò pé ẹ̀yin ló wà lọ́kàn ẹ̀, kò mọ̀ yín rí, ìyá ẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ wá ka owó sílẹ̀ fún un. Èlùbọ́ ló ń tà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó dáadáa, tó bá ní nǹkan tó fẹ́ tà fún yín lọ́jọ́ yẹn ì bá ti gbà á.

Láyé ọjọ́sí, ẹsẹ̀ la fi ń dúpẹ́. Ẹni tá a ṣe lálejò lánàá, ilẹ̀ òní ò ní tíì mọ́ tán tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ṣeun àná o. Àwa la wá sọ gbogbo ẹ̀ di alert, ká ṣáà ti fi sí àkáǹtì ẹ̀ kọ́kàn wa balẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ pásítọ̀, ẹ lọ bá a nílé. Ẹ má lọ sọ́jà, ẹni tó ń tajà ò lè gba ọpẹ́ kó tún máa wọn èlùbọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ̀yin àtọmọ yín jọ lọ, kẹ́ ẹ sì fi kíjìpá yẹn pọ̀n ọmọ lọ. Wọ́n ti fi ànkárá pọ̀n ọn jáde, ó ti kọjá, àmọ́ ilé obìnrin yẹn lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí aṣọ ìyá yín máa gbé e dé. Kí ẹ̀gbọ́n yín náà tẹ̀ lé yín tí wọ́n bá gbà. Ẹ gbé iṣu dání, ẹni tí ò gba náírà, á gba iṣu. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ di kọ́sítọ́mà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ná èlùbọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń nájà o, tẹ́ ẹ bá ti ń san iye tó bá pè láìjanpata, á mọ̀ pé owó ọjọ́sí yẹn lẹ ń dá san.

Gbèsè tẹ́ ẹ ní ó wà lọ́rùn yín, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà jẹ irú ẹ̀, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ FUTA ni mí. Mo rí fóònù kan lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní South Gate, ó ní lọ́ọ̀kì. Ẹnì kan pè, mo gbé e, kí n tó la ẹnu ó ti ń bú mi, olè, ọmọ yahoo, a ti mọ ibi tó o wà, a ń kó ọlọ́pàá bọ̀. Mo bá pa fóònù náà. Ẹ̀rù ń bà mí láti tan án báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jù ú sígbó tàbí kí n tà á, pé wọ́n ti bú mi tán tẹ́lẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Olóòótọ́ tí wọ́n ń pè lólè

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má jù ú síbì kankan, má sì tà á. Pípa tó o pa á yẹn gan-an ló mú ọ jọ olè. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tí èèyàn bá he: tó ò bá mọ ẹni tó ni ín, tí ìdí gidi sì wà tó o fi gbà pé kò síbi tó o ti lè rí i, wọn ò ní ka mímú tó o mú un sí olè jíjà. Fóònù tí ẹni tó ni ín ń pè sí tìbínú tìbínú kì í ṣe irú nǹkan yẹn. Nọ́ńbà ẹ̀ ló ń tàn lójú ẹ! Ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ ẹ náà ti ko sí wàhálà.

Tan án. Ìpè tó bá kọ́kọ́ wọlé, gbé e, kó o sì yára sọ̀rọ̀ kí èébú tó bẹ̀rẹ̀: ẹ káàsán, mo he fóònù yín nínú kẹ̀kẹ́, níbo ni ká ti pàdé? Má júwe yàrá ẹ fún wọn, má sì lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ojú gate níbi tí sikiọ́rítì wà ló dáa, lọ́sàn-án, kó o mú ọ̀rẹ́ kan dání, kì í ṣe eléyìí tó ní kó o tà á. Kí ẹni tó bá wá ṣí lọ́ọ̀kì ẹ̀ lójú ẹ kó o tó fi sílẹ̀, torí àwọn kan wà tó máa gbọ́ pé fóònù sọnù tí wọ́n á wá sọ pé tàwọn ni. Tí wọ́n bá ti ti láìnì yẹn pa tí ìpè ò wọlé mọ́, gbé e lọ fáwọn sikiọ́rítì ilé ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kó o ya ojú ìwé náà ní fọ́tò. Ìkéde ohun tó sọnù náà wà lórí rédíò, Adaba, Positive, OSRC, gbogbo wọn wà ní Àkúrẹ́ níbí.

Ẹni tó bú ẹ lè tọrọ àforíjì tó bá rí ẹ, ó sì lè gba fóònù kó yí padà máa lọ. Múra fún méjèèjì. Kó o wá kọ̀wé sí mi pa dà, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ tẹ *#06# sórí fóònù yín lálẹ́ òní, nọ́ńbà IMEI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, á jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé. Sínú ìwé o, ọ̀rẹ́ mi kan tọ́jú tiẹ̀ sínú fóònù yẹn kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Ọkùnrin ni mí, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Ìjàpò ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́. Fọ́tò bàbá mi kan ṣoṣo tó kù láyé wà nínú pọ́ọ̀sì mi, wọ́n yọ pọ́ọ̀sì náà lápò mi níbi tí mo ti ń wá mọ́tò ní gáréèjì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mi ò ronú owó tó wà níbẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń sọ pé kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí. Ṣé dandan ni kí n dúpẹ́?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan sà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ tètè dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ohun tá à ń sọ láìronú, fìlà sọnù, kì í ṣe ẹ̀mí, ilé jó, kì í ṣe ẹ̀mí. Ojú bàbá yín lẹ sọ nù. Kó dùn yín.

Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ṣé lóòótọ́ ni fọ́tò yẹn nìkan ló kù? Èèyàn tó gbé láàárín èèyàn, ó ṣòro kó má yọjú nínú fọ́tò ẹlòmíì. Ẹ wá àwọn ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n yẹ áábọ́ọ̀mù wò, fọ́tò ẹgbẹ́, fọ́tò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n dúró sẹ́yìn níbẹ̀. Tí bàbá yín bá ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ béèrè fáìlì wọn, pásípọ́ọ̀tù kékeré lè wà lára fọ́ọ̀mù kan. Ó lè má jọ bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n sí, àmọ́ ojú wọn ni.

Mo ní màá sọ gbèsè tèmi. Ó ti tó bí ọdún mẹ́rìnlá, mo lọ ra ata l'Ọ́jà Ọba, òjò ń rọ̀. Òrùka ìgbéyàwó mi ti fẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà yẹn torí mo rù, mo na owó sí ọmọ kan, òrùka bọ́, mo gbọ́ ìró ẹ̀ lórí kọnkéré, ó yí wọ gọ́tà. Mo kàn dúró bí igi. Ìyá aláta kan, tí mi ò mọ̀ rí, tí mi ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, gbé ata ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká ìró sókè, ó ki ọwọ́ bọ gọ́tà yẹn títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń bu ẹrẹ̀, ó ń da á sínú asẹ́, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dà á nù, ó tún bu òmíì. Òjò ń pa ata ẹ̀. Mo ní mama ẹ fi sílẹ̀, ó ní kí n di agboorùn mú dáadáa. Ilẹ̀ ṣú, àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀ ti palẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. A ò rí i.

Wọ́n sọ fún èmi náà pé kì í ṣe ẹ̀mí. Mi ò dúpẹ́ òrùka yẹn rí, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ ọwọ́ ìyá yẹn nínú ẹrẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa san án, ata ni mo ṣáà ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ti darúgbó báyìí, ọmọ ẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Sátidé tó kọjá mo bá òun gan-an níbẹ̀, ó ń ṣa tàtàsé sí abọ́, ó gbójú sókè, ó rí mi, kò tiẹ̀ tíì kí mi tán tó fi ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ ti rí i?"